Ṣáàtì fún iṣẹ́ tí kì í pẹ́ tán: bí iṣẹ́ àwọn tó wá kọ́ wa l'Adó ṣe rí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń béèrè lọ́wọ́ mi nípa àwọn tó wá kọ́ wa ní control chart, ìyẹn ṣáàtì tá a fi ń ṣọ́ bóyá ẹ̀rọ ṣì ń ṣe bó ṣe yẹ, ẹ jẹ́ n kọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kẹ́nu mi lè sinmi. Mi ò ní dárúkọ wọn o, torí mo ní ẹjọ́ díẹ̀ tí mo fẹ́ rò, mi ò sì fẹ́ kó dà bíi pé mo jókòó sídìí fóònù láti ba ọjà ọlọ́jà jẹ́. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá wà nídìí gàrí, èlùbọ́, ìyẹ̀fun iyán, ata gígún, búrẹ́dì tàbí oúnjẹ adìyẹ ní Èkìtì yìí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti wá bá yín náà, torí wọ́n ń káàkiri gan-an. Ìràwọ̀ mẹ́ta àbọ̀ nínú márùn-ún ni mo fún wọn lápapọ̀. Ẹ̀kọ́ náà fúnra ẹ̀ àti bébà tí wọ́n fi ń ṣe é, mẹ́rin àbọ̀. Fáìlì Excel tí wọ́n ń tà, èyí tó ń bá yín ṣe ìṣirò ṣáàtì, méjì, bóyá mo tiẹ̀ ṣàánú. Áàpù wọn, ẹ jẹ́ ká débẹ̀ ná.

Kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀: ilé tá a ti ń di ìyẹ̀fun sínú ọ̀rá la ní, kò tóbi, ojú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ la wà. Ẹ̀rọ kan ló ń rọ ìyẹ̀fun sínú ọ̀rá, síkéèlì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àwọn ọmọ tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ń lẹ ẹnu ọ̀rá ní tábìlì kejì. Ọjà wa ò dúró sójú kan. Súpámákẹ́ẹ̀tì kan á ní òun fẹ́ ìyẹ̀fun iyán oní-gíráàmù 500, ọgọ́ta péré, a ò tíì lẹ ẹnu èyí tó kẹ́yìn tán tí ẹni tó ń kó ẹrù lọ sí London á pè pé èlùbọ́ oní-kílò méjì lòun fẹ́, ọgbọ̀n, kí mọ́tò tó lọ, lẹ́yìn náà gàrí oní-kílò kan fún àwọn tó ń tà fún ọmọ yunifásítì ní Ìwòròkò. Bá a ṣe ń yí i nìyẹn láti àárọ̀ dalẹ́. Bẹ́ẹ̀ iye tá a kọ sára ọ̀rá la gbọ́dọ̀ bá nínú ẹ̀, NAFDAC ò gbà kẹ́ ẹ gbé oúnjẹ inú ọ̀rá jáde láìkọ bó ṣe wọ̀n tó sára ẹ̀. Tó bá dín, kọ́sítọ́mà tó ní síkéèlì nílé á ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Tó bá lé, kò sẹ́ni tó máa pè yín, àpò yín ló ń jò. Ká ní gíráàmù 6 péré ló ń lé lórí ọ̀rá 500, tẹ́ ẹ bá fi di ẹgbẹ̀rún kan, kílò mẹ́fà ti lọ, ọ̀rá méjìlá nìyẹn tẹ́ ẹ fi tọrẹ láìsẹ́ni tó kí yín pé ẹ ṣé.

Ṣáàtì tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn, Walter Shewhart ló kọ́kọ́ yà á ní Amẹ́ríkà lóṣù May ọdún 1924, nígbà tó wà ní Western Electric níbi tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan tẹlifóònù. Ẹ wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀: ilé iṣẹ́ tó ń ṣe nǹkan kan náà lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, lójoojúmọ́. Tẹ́ ẹ bá ṣí ìwé tó kọ́ni ní irú ṣáàtì yẹn, wọ́n á ní kẹ́ ẹ kó ọ̀wọ́ 20 sí 25 jọ, kí mẹ́rin tàbí márùn-ún wà nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ìgbà yẹn lẹ tó lè fa ààlà òkè àti ààlà ìsàlẹ̀, ìyẹn ìlà méjì tó jẹ́ pé tí àmì bá kọjá wọn, ẹ máa wá ohun tó ṣẹlẹ̀. 25 lọ́nà mẹ́rin, 100 nìyẹn. Ọgọ́ta ni kọ́sítọ́mà mi ní òun fẹ́! Kí n tó rí ààlà fà, ọjà ti wà nínú mọ́tò, ó ti kọjá Ìtawúrẹ́.

Ohun tí àwọn wọ̀nyí wá kọ́ wa ni pé ká má ya ṣáàtì ti gàrí lọ́tọ̀, ti èlùbọ́ lọ́tọ̀, ti iyán lọ́tọ̀. Ṣáàtì kan ṣoṣo ni fún ẹ̀rọ yẹn. Ẹnjiníà tó kọ́ wa, ọmọ Adó pọ́ńbélé ni, "ulé" ló ń pe ilé bíi ti ìyá àgbà mi, inú mi dùn sí ìyẹn ju gírámà lọ, ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀rọ lẹ ń ṣọ́ o, kì í ṣe gàrí." Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é ò le. Ẹ mú ọ̀rá mẹ́ta tó jáde tẹ̀ léra, ẹ wọ̀n wọ́n, ẹ yọ ìwọ̀n ọ̀rá òfìfo kúrò, kẹ́ ẹ wá wo bó ṣe lé tàbí bó ṣe dín sí iye tó yẹ kó jẹ́. Ká ní ti 500 lẹ wọ̀n, tẹ́ ẹ rí 504, 499, 503: ó lé 4, ó dín 1, ó lé 3, àfíréèjì wọn lé 2, àlàfo láàárín èyí tó tóbi jù àti èyí tó kéré jù sì jẹ́ 5. Ẹ bọ́ sórí kílò kan, ẹ rí 997, 1001, 996: ó dín 3, ó lé 1, ó dín 4, àfíréèjì dín 2, àlàfo 5. Orí bébà kan náà ni àfíréèjì méjèèjì ń lọ, àmì kan fún ọ̀wọ́ mẹ́ta kọ̀ọ̀kan, tẹ̀ léra, òdo ni ìlà àárín, ọjà yòówù kó jẹ́. DNOM ni wọ́n ń pè é, ìyẹn deviation from nominal, bó ṣe lé tàbí bó ṣe dín sí iye tó yẹ. Torí pé gbogbo ọjà ló ń dá sí i, kì í pẹ́ rárá tí ọ̀wọ́ 20 yẹn fi ń pé, ẹ ti rí ààlà fà nìyẹn.

Ti ààlà náà ò le fẹ́ni tó bá lè lo kakulétọ̀ fóònù. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń pè ní A2, ó wà nínú tábìlì tí ìwé ẹ̀kọ́ yìí máa ń ní lẹ́yìn, tó bá jẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta lẹ ń mú, 1.023 ni. Ẹ jẹ́ ká ní àfíréèjì àlàfo yín jẹ́ gíráàmù 8, ẹ fi 8 lọ́nà 1.023, ó di 8.2. Ààlà òkè lé 8.2, ààlà ìsàlẹ̀ dín 8.2. Ti àlàfo fúnra ẹ̀, D4 ni nọ́ńbà tiẹ̀, 2.574, ìyẹn á gbé ààlà òkè dé 20.6, òdo ni ìsàlẹ̀. Ó parí.

Ibi tó ti dùn mọ́ mi nìyí. Torí pé gbogbo ọjà wà lórí bébà kan bí wọ́n ṣe jáde, ẹ máa rí ohun tí ṣáàtì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ò lè fi hàn yín. Ó hàn pé gbogbo ìgbà tá a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ọjà ni àmì àkọ́kọ́ máa ń wà nísàlẹ̀ òdo, ì báà ṣe gàrí ì báà ṣe iyán, torí ìyẹ̀fun ò tíì kún họ́pà, ìyẹn ibi tá a ń da ìyẹ̀fun sí lórí ẹ̀rọ, kò sóhun tó wúwo lókè tó máa tì í wọlé dáadáa. Ní báyìí, ìyẹ̀fun gbọ́dọ̀ kọjá ìdajì họ́pà kẹ́nikẹ́ni tó tẹ bọ́tìnnì. Ó tún hàn pé ìyẹ̀fun iyán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọlọ dé máa ń fúyẹ́, afẹ́fẹ́ wà nínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó sùn mọ́jú, á ti rodò wálẹ̀. Àti pé nígbà òjò, ìyẹ̀fun a máa fa omi inú afẹ́fẹ́, a máa lẹ̀ mọ́ ara họ́pà, ọ̀rá kan á kún ju èkejì lọ. Òfin kan tún wà tó ti pẹ́, ó wà nínú ìwé tí Western Electric ṣe lọ́dún 1956, pé tí àmì mẹ́jọ bá tò léra ní apá kan ìlà àárín, nǹkan ti yí nìyẹn bí ìkankan nínú wọn ò tiẹ̀ kọjá ààlà. Lórí ṣáàtì tiwa yìí ó tún wá dùn sí i: tó bá jẹ́ ọjà oríṣiríṣi ló wà nínú àwọn mẹ́jọ yẹn, síkéèlì tàbí ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ lọ yẹ̀ wò, tó bá jẹ́ ọjà kan ṣoṣo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ táwọn tó kù wà nítòsí òdo, ọjà yẹn gan-an lẹ máa bá wí. Lọ́jọ́ kan, àlàfo gbogbo ọjà kàn fò sókè pa pọ̀, kò yọ ìkankan sílẹ̀, la bá lọ wo síkéèlì, àṣé ẹnì kan ti sún tábìlì ẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọlọ, ó ń gbọ̀n. Láìsí bébà yẹn, ẹ̀rọ tí ń rọ ìyẹ̀fun la bá máa tú palẹ̀.

Ẹjọ́ wá dé. Ohun tó lè ba gbogbo nǹkan tí mo sọ lókè yìí jẹ́, wọ́n sáré kọjá lórí ẹ̀ ni, bí ẹni tó fẹ́ lọ jẹun. Kì í ṣe gbogbo ọjà lẹ lè pa pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé bí ọ̀kan ṣe ń yàtọ̀ síra ni èkejì náà ṣe ń yàtọ̀, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ń tan ara yín jẹ ni. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹ̀. Ká ní ti 500 gíráàmù, àfíréèjì àlàfo ẹ̀ jẹ́ 6. Ti kílò márùn-ún tí wọ́n ń fi ọwọ́ bù kún, 24. Tẹ́ ẹ bá pa wọ́n pọ̀ ní ìdajì-ìdajì, àfíréèjì á di 15, ààlà yín á wà ní 15.3 lókè àti nísàlẹ̀. Ọ̀wọ́ oní-500 tí àfíréèjì ẹ̀ fi gíráàmù 12 dín, á kọjá wẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó máa rí i, bẹ́ẹ̀ ààlà tiẹ̀ gan-an ò ju 6.1 lọ. Ọ̀wọ́ ti kílò márùn-ún tó fi 20 lé, tí kò sí láburú kankan níbẹ̀ torí 24.6 ni ààlà tiẹ̀, òun ni ṣáàtì máa ké lé lórí. Ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ, aláìṣẹ̀ há.

Wọ́n mọ àtúnṣe ẹ̀ o, ó wà nínú bébà tí wọ́n fún wa, ojú ìwé tó kẹ́yìn, àmọ́ èmi ni mo ní kí ẹnjiníà padà wá ṣàlàyé ẹ̀. Àtúnṣe náà ni pé lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti rí iye tó lé tàbí tó dín, kẹ́ ẹ fi àfíréèjì àlàfo ọjà yẹn pín in. 12 tó dín yẹn, ẹ fi 6 pín in, 2. 20 tó lé yẹn, ẹ fi 24 pín in, 0.83. Ààlà wá di 1.023 fún gbogbo ọjà, títí láé, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà nílé ìtẹ̀wé. 2 ti jáde, 0.83 wà nínú ilé, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ti àlàfo náà, ohun tẹ́ ẹ fi pín in kan náà ni, 1 ni ìlà àárín ẹ̀, 2.574 ni ààlà. Tẹ́ ẹ bá ní ọjà tuntun tí kò tíì ní àlàfo kankan nílẹ̀, ó ní ká yá ti ọjà tó jọ ọ́ ná, ká fi pẹ́ńsù kọ ọ́, ká tún un ṣe tí tiẹ̀ bá ti pọ̀ tó. Ìmọ̀ràn yẹn dáa. Ibí yìí gan-an ló yẹ kí wọ́n ti lo ọ̀pọ̀ àkókò, kì í ṣe ìtàn bí Deming, ọ̀kan nínú àwọn àgbà nídìí ẹ̀kọ́ yìí, ṣe lọ sí Japan lọ́dún 1950, ìtàn yẹn dùn àmọ́ kò di ọ̀rá.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ra Excel wọn, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Nọ́ńbà A2 tó wà nínú ẹ̀, 0.577 ni, wọ́n sì ti tì í pa pẹ̀lú páswọ́ọ̀dù. 0.577 yẹn, ẹni tó ń mú márùn-ún-márùn-ún ló ni ín. Mẹ́ta-mẹ́ta làwọn fúnra wọn ní ká máa mú! Ààlà tó yẹ kó wà ní 8.2 wá di 4.6, kọ̀ǹpútà wá ń fi pupa kun gbogbo ibi. Tí ààlà bá péye, tí ẹ̀rọ ò sì níṣòro kankan, nínú àmì 1000, bíi 3 péré ló máa ṣèèṣì jáde. Pẹ̀lú 0.577 lórí mẹ́ta-mẹ́ta, nínú 100, bíi 9 ni. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ á rí pupa, á yí bọ́tìnnì sókè, á tún rí pupa, á yí i wálẹ̀, yíyí yẹn gan-an ló wá ń fi kún ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀rá sí ọ̀rá. Mo pè wọ́n, ẹni tó gbé fóònù kọ́kọ́ ń bá mi sọ pé bóyá ẹ̀rọ wa ló ti gbó. Ìgbà tí mo ya fọ́tò tábìlì A2 ránṣẹ́ sí wọn ni wọ́n tó tún un ṣe, wọ́n bẹ̀ mí, ó tán. Àmọ́ ẹni tí kò mọ̀ ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá ti ní i lọ́wọ́, ẹ wò ó lónìí: méjì-méjì, 1.880, mẹ́ta-mẹ́ta, 1.023, mẹ́rin-mẹ́rin, 0.729, márùn-ún-márùn-ún, 0.577.

Wọ́n tún kọ́ wa ní pre-control, èyí tí wọ́n ti ń lò ní Amẹ́ríkà láti àwọn ọdún 1950, orúkọ Dorian Shainin ló sì máa ń bá a rìn jù. Èyí làwọn ọmọ wa fẹ́ràn jù torí kò sí ìṣirò nínú ẹ̀ rárá. Ká ní ẹ gbà pé 990 sí 1010 lẹ fẹ́ fún kílò kan. 995 sí 1005 ni gíríìnì, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì ni yẹ́lò, ìta 990 àti 1010 ni rẹ́ẹ̀dì. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọjà sórí ẹ̀rọ, ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an àfi tí márùn-ún bá tẹ̀ léra nínú gíríìnì, tí yẹ́lò kan bá wọ àárín, ẹ tún kà á látìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, méjì-méjì. Yẹ́lò méjì ní apá kan náà, ẹ yí ẹ̀rọ. Ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀, ẹ dúró, nǹkan ti tú. Rẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo, ẹ dúró. Fún iṣẹ́ ọgọ́ta ọ̀rá, kò sí ohun tó yára tó o láti mọ̀ bóyá ẹ ti to ẹ̀rọ dáadáa, ìtò ẹ̀rọ sì ni ìyọnu wa tó ju gbogbo ẹ̀ lọ. Àmọ́ wọ́n ní ẹ lè fi rọ́pò ṣáàtì, ibẹ̀ ni mi ò gbà. Iye tí ẹ̀yin fúnra yín fọwọ́ sí ló ń wò, kò wo ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe ní tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí ohun tó fẹ̀ jù, gbogbo nǹkan á máa rí gíríìnì títí owó yín á fi tán. A ń fi pre-control bẹ̀rẹ̀, a ń fi ṣáàtì ṣọ́ ọ, bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Áàpù ṣá. Owó oṣooṣù ni, ó ń fẹ́ dátà, ó ń fẹ́ kí fóònù ní iná, kó tún jẹ́ pé ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ kún fún èlùbọ́ ló máa tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ wa ò lò ó, mi ò sì bá wọn jà. Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ síkéèlì, gbogbo wa là ń rí i, ẹni tó bá wọlé lójijì á béèrè pé kí ló dé tí àmì yìí fi wà lókè. Kò sẹ́ni tó ń ṣí áàpù béèrè ìyẹn. Ẹni tó bá ní owó tó fẹ́ ná sórí kọ̀ǹpútà, Minitab, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà kan, ní irú ṣáàtì yìí nínú, Z-MR ni wọ́n ń pè é, ti ẹni tó ń wọ̀n ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan ni, àmọ́ owó ẹ̀ ò bá ilé èlùbọ́ mu.

Ìṣesí wọn dáa. Wọ́n pẹ́ dé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọn ò bẹ̀bẹ̀, ó bí mi nínú, àmọ́ nígbà tí wọ́n dé, ẹnjiníà yẹn ò jókòó sórí àga, ìdí ẹ̀rọ ló wà. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó gbé òkúta ìwọ̀n tó mọ iye ẹ̀ sórí síkéèlì wa láti fi dán an wò, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, torí síkéèlì tó ń fi gíráàmù 5 fò, tó bá kúrò ní 500 tó jẹ́ 505 ló kàn, kò lè bá yín ka àlàfo tó jẹ́ 6. A ní láti ra òmíràn. Owó tí wọ́n gbà ò kéré, ó tó ra irú síkéèlì tuntun yẹn méjì, kó tún kù díẹ̀.

Ta ló yẹ kó pè wọ́n? Àwọn oní píọ̀ wọ́tà, ẹ fowó yín pa mọ́, ohun kan náà lẹ ń ṣe láàárọ̀ dalẹ́, ṣáàtì ti Shewhart fúnra ẹ̀ tó yín. Àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì, ẹ̀yin gan-an ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é, kékeré, àárín, ńlá, gbogbo ẹ̀ láàárín alẹ́ kan, kìkì pé ìyẹ̀fun pípò tẹ́ ẹ gé ni kẹ́ ẹ wọ̀n kó tó wọ ààrò, torí ààrò náà ní ìyàtọ̀ tiẹ̀ tó máa dà á rú. Àwọn oní oúnjẹ adìyẹ náà lè lò ó. Ẹ bèèrè fún ẹ̀kọ́ àti bébà nìkan, ẹ ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé tó kẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ń wọ̀n ọjà gan-an jókòó síbẹ̀, kì í ṣe máníjà nìkan. Wọn kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ má wulẹ̀ tìtorí ẹ̀ dá iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ náà.